Ìràwọ̀ Ta Ni Ẹ Fẹ́ Lọ Wò?

Bí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kan ní Ṣómólú tàbí ní Bàrígà bá sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun fẹ́ bá ẹgbẹ́ òun jáde ní alẹ́ lọ wo ìràwọ̀, ìbéèrè méjì ni ìyá náà yóò kọ́kọ́ bi í kí ó tó dá a lóhùn. Ìkíní ni pé, "Ìràwọ̀ ta ni ẹ fẹ́ lọ wò?" Èkejì ni pé, "Irú ẹgbẹ́ wo ni ó ń pàdé nínú òkùnkùn?" Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ má ṣe fi ìyá yìí rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá, tí ó sì mọ àdúgbò tí à ń wí, yóò mọ̀ pé ìbéèrè méjèèjì fi ẹsẹ̀ múlẹ̀. Bí a kò bá sì rí ìdáhùn gidi fún wọn, kò sí bí ẹgbẹ́ awòràwọ̀ ṣe lè dúró ní apá ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ìràwọ̀. Lẹ́nu Yorùbá òde òní, ìràwọ̀ kì í ṣe iná kéékèèké ojú ọ̀run nìkan. Ògo ẹni ni à ń pè bẹ́ẹ̀, àyànmọ́ ẹni ni, ohun tí orí ẹni gbé wá sáyé ni. A máa ń gbọ́ ọ nínú àdúrà pé kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ayé ó fi ọwọ́ bo ìràwọ̀ wa. Ẹni tí nǹkan rẹ̀ ń dára, ìràwọ̀ rẹ̀ ni ó ń tàn; ẹni tí nǹkan kò gún fún mọ́, wọ́n ní ayé ti gba ìràwọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ sì ti rí báyìí, ẹni tí ó bá ń jáde lóru lọ wo ìràwọ̀ di ẹni tí a ń fura sí. Orúkọ náà gan-an, awòràwọ̀, kò dùn létí púpọ̀. Ẹni tí ó ń bèèrè ọjọ́ ìbí ènìyàn kí ó tó sọ ẹni tí yóò fẹ́ àti ọ̀nà tí kò gbọdọ̀ rìn ni ó kọ́kọ́ máa ń wá síni lọ́kàn. Bíbélì Yorùbá pàápàá, nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n tẹ̀lé ìràwọ̀ láti ìlà oòrùn wá sí Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, amòye ni ó pè wọ́n. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹni pé àwọn olùtúmọ̀ kò fẹ́ fi orúkọ awòràwọ̀ kan irú ẹni iyì bẹ́ẹ̀.

Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé iṣẹ́ méjì ni ó ń jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo. Ọ̀kan ń bi ìràwọ̀ léèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ènìyàn. Èkejì ń bi ìràwọ̀ léèrè nípa ìràwọ̀ fúnra rẹ̀: báwo ni ó ti jìnnà tó, ọ̀nà wo ni ó ń gbà, kí ni a fi mọ ọ́n? Èyí èkejì ni à ń sọ lónìí. Kì í ṣe iṣẹ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan sì ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1890 ni ẹgbẹ́ kan ti wà, British Astronomical Association, tí ó jẹ́ pé àwọn tí wọ́n ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ ni wọ́n pọ̀ jù nínú rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń gba obìnrin wọlé, ní àkókò tí àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ mìíràn ṣì ń ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn.

Kì í sì í ṣe pé àwọn baba wa kò wo ojú ọ̀run. Wọ́n wò ó, wọ́n sì wò ó dáadáa. Ẹ gbọ́ òwe yìí: Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni, Àgùàlà kì í ṣe ajá oṣù. Àgùàlà ni ìràwọ̀ ńlá tí ó máa ń tàn yòò ní ìwọ̀ oòrùn nígbà tí oòrùn bá ti wọ̀, tí ó sì tún máa ń yọ ní ìlà oòrùn kí ilẹ̀ tó mọ́ ní ìgbà mìíràn. Òun ni àwọn Òyìnbó ń pè ní Venus. Ní àwọn oṣù tí ó bá fi wà lójú ọ̀run ní alẹ́, òṣùpá tuntun máa ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, wọn a sì dà bí olówó àti ajá rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣeré lọ. Ibẹ̀ ni àwọn kan ti sọ ọ́ ní ajá òṣùpá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó pa òwe yìí kò gbà. Ó ti padà wò ó lọ́jọ́ kejì, ó ti wò ó lọ́jọ́ kẹta, ó sì rí i pé òṣùpá ti fi Àgùàlà sílẹ̀ lọ, Àgùàlà kò sì sáré tẹ̀lé e.

Ìmọ̀ òde òní gbè é lẹ́sẹ̀. Òṣùpá ń yí ayé wa po ní ọjọ́ 27 àti wákàtí díẹ̀. Àgùàlà kò yí ayé po rárá. Oòrùn ni ó ń yí po, ní ọjọ́ 225. Lójú àwa tí a wà lórí ilẹ̀, kì í jìnnà sí oòrùn ju ìwọ̀n 47 lọ nínú 360 tí ó pé àyíká, ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹni tí ó rí Àgùàlà lókè orí rẹ̀ ní ọ̀gànjọ́ òru rí. Bí ó ti ń ti ìrọ̀lẹ́ bọ́ sí òwúrọ̀, tí ó tún ń padà sí ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ 584 ni ó fi ń parí ìrìn àjò yìí. Òwe tí a fi ń bá ẹni tí ń fi ojú di ẹlòmíràn wí ni, ẹ̀rí ojú ni wọ́n sì fi kọ́ ọ.

Òwe mìíràn tún wà: Oṣù lé, a ní kò gún, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó o kó tún un ṣe. Àìmọye ènìyàn ni ó ń pa á, tí kò sì gbé ojú sókè rí láti wo oṣù tí kò gún náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé, òṣùpá tuntun máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró lóòró bí ọrun tí a gbé ti ògiri. Èkó kò jìnnà sí ìlà náà ju ìwọ̀n mẹ́fà ààbọ̀ lọ sí àríwá, nítorí náà òṣùpá tiwa máa ń dùbúlẹ̀ bí igbá tàbí bí ọkọ̀ ojú omi. Ní apá kan ọdún, ó tẹ̀ sí òsì. Ní apá kejì, ó tẹ̀ sí ọ̀tún. Ẹni tí ó bá ya àwòrán rẹ̀ sínú ìwé ní oṣooṣù láàrin ọdún kan yóò rí i bí ó ti ń yí. Báyìí ni wọ́n ṣe rí i pé kò gún. Àwọn Mùsùlùmí Ṣómólú tí wọ́n máa ń gun orí ilé alájà lọ wá oṣù ààwẹ̀ kò nílò kí á kọ́ wọn léyìí. Wọ́n mọ̀ pé òṣùpá tí kò tíì tó nǹkan bí wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ìgbà tí òun àti oòrùn pàdé ṣòro púpọ̀ fún ojú lásán, wọ́n sì mọ apá ibi tí ó yẹ kí á gbé ojú sí. Ẹgbẹ́ awòràwọ̀ ni wọ́n, àfi pé wọn kì í jẹ́ orúkọ náà.

Nínú àwọn ìwé tí wọ́n kọ nípa wa ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, a tún rí orúkọ kan, Ìràwọ̀ Ọkọ̀, tí wọ́n ní àwọn atukọ̀ máa ń fi mọ ọ̀nà. Ìràwọ̀ yìí ni àwọn Òyìnbó ń pè ní Sirius, èyí tí ó tàn ju gbogbo ìràwọ̀ òru lọ. Inú àkójọ ìràwọ̀ tí àwọn Gíríìkì pè ní Ajá Ńlá ni ó wà. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ajá ṣe rìn: ibi tí àwọn Gíríìkì ti rí ajá ni àwa ti rí ọkọ̀, àwa náà fẹ́rẹ̀ẹ́ so ajá mọ́ Àgùàlà, òwe ni ó kọ̀ fún wa. Nínú Ajá Ńlá kan náà ni ìràwọ̀ kan wà tí ojú lásán kò lè rí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní HD 43197. Ní ọdún 2019, nígbà tí àjọ àgbáyé àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sọ ìràwọ̀ kan lórúkọ, èyí ni wọ́n fún Nàìjíríà. Orúkọ tí a sọ ọ́ ni Amadioha, òrìṣà àrá àwọn Ígbò. A sì sọ ayé tí ń yí i po ní Equiano, orúkọ òǹkọ̀wé tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí òkè òkun. Ó dára, inú mi dùn sí i. Ẹni tí ó bá jókòó ti ìràwọ̀ ni ó ń rí i sọ lórúkọ.

Ti Ṣàngó náà wà lọ́run ṣáá. Lórí Io, ọ̀kan nínú àwọn òṣùpá Júpítà, níbi tí òkè oníná pọ̀ sí, kòtò kan wà tí wọ́n ń pè ní Shango Patera. Lórí Ceres, tí ó ń yí oòrùn po láàrin Máàsì àti Júpítà, kòtò ràbàtà kan tí ó fẹ̀ tó kìlómítà 260 ni wọ́n sọ ní Yalode ní ọdún 2015. Wọ́n ní òrìṣà àwọn ará Dahomey kan ni. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bèèrè bóyá Ìyálóde ni. Àlejò ni ó ṣe ìsọmọlórúkọ náà, kò sì sí ẹni tí ó bi wá léèrè àmì ohùn.

Ní ayé àtijọ́, òru kì í ṣe ohun ìbẹ̀rù nìkan. A kì í pa ààlọ́ lọ́sàn-án. Nígbà tí òṣùpá bá lé ni àwọn ọmọdé ń jáde sí ìta gbangba fún eré òṣùpá, tí àwọn àgbà ń jókòó síwájú ilé, tí gbogbo ojú sì ń rí ojú ọ̀run láìwá a. Ní Ṣómólú òde òní, ilé fi ara ti ilé, iná ṣọ́ọ̀bù pàdé iná òpópónà, èéfín jẹnẹrétọ̀ bo gbogbo rẹ̀. Láti oṣù kejìlá títí dé oṣù kejì, ọyẹ́ lè gbé eruku aṣálẹ̀ wá. Nígbà tí òjò bá sì dé, ìkùukùu a lé e lórí. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo alẹ́ ni à ń rí nǹkan. Alẹ́ tí ó dára jù ni èyí tí òjò ti rọ̀ tán ní ìrọ̀lẹ́ rẹ̀, tí ó ti fọ eruku inú afẹ́fẹ́ nù, tí iná mànàmáná sì tún wá lọ ní gbogbo àdúgbò. Ohun tí gbogbo ilé ń bínú sí ni awòràwọ̀ ń dúpẹ́ fún.

Bàrígà ní ohun tí Ṣómólú kò ní. Ẹni tí ó bá dúró ní etí omi, ní apá àdúgbò àwọn Ìlàjẹ, ọ̀sà ni ó wà níwájú rẹ̀, ìlà oòrùn sì ni ó kọjú sí. Kò sí ilé níbẹ̀ tí yóò dí òṣùpá lọ́nà nígbà tí ó bá ń yọ, yàtọ̀ sí afárá gígùn tí wọ́n ṣí ní ọdún 1990. Àwọn apẹja ibẹ̀ yóò sọ fún yín pé alẹ́ tí òṣùpá bá mọ́lẹ̀ jù kì í ṣe alẹ́ ọlọ́pọ̀ ẹja, nítorí ẹja ń rí àwọ̀n. Ní ọjọ́ keje oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, òjìji ayé bo òṣùpá pátápátá láti aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ títí di aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ní Èkó, òṣùpá kò tíì yọ nígbà tí òjìji ti gbé e mì. Ẹni tí ìkùukùu kò bá dí lọ́wọ́ ní etí ọ̀sà yẹn, òṣùpá pípọ́n bí epo ni yóò rí tí ń ti inú omi jáde. Àwọn àgbà ìgbà kan ìbá ní oòrùn àti òṣùpá ń jà ni. Mélòó nínú àwọn ọmọ Bàrígà ni ẹnìkan sọ fún tẹ́lẹ̀ kí ó tó ṣẹlẹ̀? Àwọn onímọ̀ ti ṣírò ọjọ́ náà àti ìṣẹ́jú rẹ̀ kalẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ wá kan ìbéèrè kejì, òun ni ó sì le jù. Yorùbá kì í dá nǹkan ṣe. Ẹgbẹ́ ni a fi ń ṣọdẹ, ẹgbẹ́ ni a fi ń dá èésú, ẹgbẹ́ ni a fi ń sin òkú àgbà. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti ba ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ ní apá ibẹ̀. Ẹgbẹ́ òkùnkùn ti pa ọmọ ọlọ́mọ ní Bàrígà àti Ṣómólú, ìwé ìròyìn ti gbé e jáde léraléra. Ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́fà tí wọ́n bá dúró pọ̀ ní igun òpópó ní aago mẹ́wàá òru, àwọn aládùúgbò ń bẹ̀rù wọn, ọlọ́pàá sì lè kó wọn láìbéèrè. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wá gbé ohun gígùn bí ọ̀pá ìbọn dání, tí ó ní awò ni òun fi ń wo Júpítà, ta ni yóò gbà á gbọ́? Ìyá tí ó bèèrè irú ẹgbẹ́ tí ọmọ rẹ̀ ń lọ, ẹ̀mí ọmọ rẹ̀ ni ó ń dáàbò bò.

Ẹni tí ó bá fẹ́ dá ẹgbẹ́ awòràwọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, ìbéèrè ìyá yìí ni kí ó fi ṣe òfin ẹgbẹ́. Kí ìyá fúnra rẹ̀ lè wá gbé àga jókòó síbẹ̀ nígbàkígbà tí ó bá wù ú. Kí ẹgbẹ́ onílé àdúgbò ó mọ̀, kí àgọ́ ọlọ́pàá ó ní ìwé ẹgbẹ́ lọ́wọ́ pẹ̀lú orúkọ alága àti akọ̀wé, kí obìnrin wà nínú àwọn olóyè ẹgbẹ́, kí gbogbo ọmọ sì ti wà nílé kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Inú ọgbà ilé-ìwé tàbí orí ilé ìjọsìn tí ó ní pèpéle ni ó yẹ wọ́n, kì í ṣe igun òpópó. Apá ibẹ̀ kò tálákà ilé-ìwé: CMS Grammar School, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1859, wà ní Bàrígà; Yunifásítì Èkó, ti ọdún 1962, wà ní Akọkà nítòsí ibẹ̀, àwọn olùkọ́ fisíìsì sì wà nínú rẹ̀ tí a lè bẹ̀ kí wọ́n wá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Ìtàn ọkùnrin kan wà tí ó yẹ kí á mọ̀ lórí èyí. John Dobson ni orúkọ rẹ̀, ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn kan ní Amẹ́ríkà ni ó ń gbé. Kò lówó lọ́wọ́. Dígí tí wọ́n ti yọ lára fèrèsé ọkọ̀ òkun ni ó fi yanrìn lọ̀ títí ó fi di dígí ìwòran. Páálí líle tí àwọn abilé ń da kọnkéré sí ni ó fi ṣe ara awò náà. Pátákó ni ó fi ṣe ìdúró rẹ̀. Ó máa ń yọ́ jáde ní alẹ́ lọ fi han àwọn ọmọ àdúgbò, títí àwọn ọ̀gá rẹ̀ fi ní kí ó máa lọ ní ọdún 1967. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ni òun àti àwọn ọ̀dọ́ díẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ẹgbẹ́ awòràwọ̀ ẹ̀bá títì. Abẹ́ iná òpópónà gan-an ni wọ́n ń gbé awò sí, níbi tí gbogbo ayé ti ń rí wọn, tí wọn a sì máa pe ẹni tí ń kọjá lọ pé kí ó wá wo òṣùpá lọ́fẹ̀ẹ́. Dobson kú ní ọdún 2014, ẹni ọdún 98. Irú awò onípákó tí ó ṣe ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ káàkiri ayé ń lò títí di òní, wọ́n sì ń fi orúkọ rẹ̀ pè é. Ohun tí mo rí nínú ìtàn yìí ni pé ìmọ́lẹ̀ títì tí à ń kà sí ọ̀tá awòràwọ̀ ni ó dáàbò bo orúkọ rere wọn. Òṣùpá àti Júpítà mọ́lẹ̀ ju kí iná òpópó pa wọ́n mọ́lẹ̀ lọ.

Ní ilẹ̀ wa náà, iṣẹ́ ti ń lọ. Samuel Okoye, ọmọ Nàìjíríà tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Cambridge, wà lára àwọn méjì tí wọ́n kéde ní ọdún 1965 pé ohun àrà kan ń bẹ nínú ìkùukùu ọ̀run tí wọ́n ń pè ní Akàn. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ayé mọ̀ pé òkú ìràwọ̀ tí ń yí bí òkòtó ni. Nsukka ni ó padà sí láti dá ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀. Ní ọdún 2013 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìgbà ìsinmi kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lórí ìmọ̀ ìràwọ̀, Àbújá ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ka Nàìjíríà ti ẹgbẹ́ Astronomers Without Borders náà, tí Ọláyínká Fágbèmíró ń darí, ń gbé awò lọ bá àwọn ọmọ ní ilé-ìwé. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ tuntun ń kọ̀wé sí fún ìrànlọ́wọ́, kí ó tó náwó sí ohunkóhun.

Èrò tèmi nípa bí a ó ti bẹ̀rẹ̀ lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu. Ọ̀sán gangan ni kí ìpàdé àkọ́kọ́ jẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni oòrùn máa ń wà lókè orí wa gẹ́lẹ́ ní Èkó: ní nǹkan bí ọjọ́ kẹfà sí ìkeje oṣù kẹrin, àti ọjọ́ karùn-ún sí ìkẹfà oṣù kẹsàn-án. Lọ́jọ́ náà, ọ̀pá tí a bá rì mọ́lẹ̀ ṣánṣán kò ní ní òjìji rárá fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Kì í ṣe aago méjìlá ni èyí máa ń ṣẹlẹ̀, àfi bí aago méjìlá bá ti kọjá ìṣẹ́jú 45 sí 50. Ọmọ tí ó bá bèèrè ìdí rẹ̀ ti di awòràwọ̀ nìyẹn. Ìdí rẹ̀ ni pé aago Nàìjíríà tẹ̀lé ìlà kan tí ó wà ní ìwọ̀n 15 sí ìlà oòrùn, Èkó sì wà ní ìwọ̀n mẹ́ta ó lé díẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rin mẹ́rin ni oòrùn sì ń lò lórí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Bí ẹgbẹ́ bá ní ọ̀rẹ́ ní Kánò, tí ó rì ọ̀pá mítà kan mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, òjìji tirẹ̀ ní ọ̀sán yóò tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá. Láti inú sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá yẹn àti bí Kánò ti jìnnà sí àríwá Èkó tó, àwọn ọmọ lè ṣírò bí ayé ti tóbi tó, gẹ́gẹ́ bí Eratosthenes ti ṣe ní ilẹ̀ Íjíbítì ní ohun tí ó lé ní 2200 ọdún sẹ́yìn. Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, kò sì sí ìyá tí yóò fura sí ẹgbẹ́ tí ń wo òjìji lójú ọ̀sán. Kí wọ́n kàn ti kìlọ̀ fún wọn láti ọjọ́ yìí lọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ojú wo oòrùn, pàápàá pẹ̀lú awò. Ojú tí ó bá fi awò wo oòrùn lè fọ́ láàrin ìṣẹ́jú àáyá.

Ìpàdé kejì ni ti ìrọ̀lẹ́, nígbà tí òṣùpá bá di ọjọ́ méje tàbí mẹ́jọ. Àwọn tí kò mọ̀ a máa dúró de àrànmọ́jú, ṣùgbọ́n òṣùpá àrànmọ́jú kò ní òjìji lójú, pẹrẹsẹ ni ó máa ń rí. Nígbà tí ó bá jẹ́ ìdajì ni àwọn òkè àti kòtò rẹ̀ máa ń yọ gọ́ńgọ́. Awò olójú méjì tókùnbọ̀ tó fún èyí, irú èyí tí àwọn òǹwòran máa ń gbé lọ sí pápá eré ẹṣin. Kò pọn dandan kí á ra awò ńlá. Awò kan náà, bí a bá gbé e ti ògiri kí ọwọ́ má baà gbọ̀n, yóò fi àwọn òṣùpá mẹ́rin Júpítà hàn, àwọn tí Galileo rí ní ọdún 1610. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé àkọsílẹ̀, kí ó máa ya bí àwọn mẹ́rin náà ti tò sí lálẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Láàrin ọ̀sẹ̀ kan, yóò rí i fúnra rẹ̀ pé wọ́n ń yí Júpítà po. Ní alẹ́ oṣù kejì, kí wọ́n wá ìràwọ̀ mẹ́ta tí ó tò tẹ̀lé ara wọn ní ìbàdí Oríónì. Bí ojú bá tẹ̀lé ìlà wọn sí ìhà gúúsù, Ìràwọ̀ Ọkọ̀ ni yóò bá pàdé. Òrùka Sátọ̀ọ̀nù ni awò olójú méjì kò lè fi hàn. Ìgbà yẹn ni kí ẹgbẹ́ tó dáwó jọ fún awò gidi.

Ohun kan wà tí Ṣómólú lè ṣe ju àdúgbò mìíràn lọ. Ilé ìtẹ̀wé pọ̀ níbẹ̀ bí ilé ọtí ti pọ̀ níbòmíràn. Ìwé ìpè, kàlẹ́ńdà, ìwé orin, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀. Àwòrán ojú ọ̀run tí wọ́n ń tà ní òkè òkun, èyí tí a fi páálí róbótó méjì ṣe, tí ọ̀kan ń yí lórí ìkejì tí ó sì ń fi ìràwọ̀ oṣù kọ̀ọ̀kan hàn, ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n ṣe é fún. Ìràwọ̀ àríwá ga lójú ọ̀run tiwọn; níhìn-ín, ìsàlẹ̀ pátá ni ó wà nínú eruku, a kì í sábà rí i. Àgbélébùú Gúúsù tí àwa ń rí ní ìrọ̀lẹ́ oṣù karùn-ún, kò sí nínú tiwọn. Kí olùkọ́ fisíìsì kan ya tiwa fún ìwọ̀n mẹ́fà ààbọ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá kan lọ bá àwọn àgbà apẹja ní etí ọ̀sà gba orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn ìràwọ̀ kí wọ́n tó gbàgbé, kí atẹ̀wé kan ní Ṣómólú sì fi tádàwà dúdú tẹ ojú ọ̀run rẹ̀, kí ó fi funfun sílẹ̀ fún ìràwọ̀. Kí wọ́n sì jọ̀wọ́ fi àmì ohùn sí Ìràwọ̀ Ọkọ̀ dáadáa, kí ìyá kan má baà kà á sí ìràwọ̀ ọkọ rẹ̀.